Títa Páànù: Èrè Tó Wà Níbẹ̀ àti Wàhálà Rẹ̀

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ tí ẹ ń lọ sí Kétu, ẹ gbé ojú sókè kí ẹ wo òrùlé àwọn ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Láyé àwọn baba wa, koríko ni wọ́n fi ń bo ilé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọn á ká a sílẹ̀, wọn á tún fi tuntun bò ó. Bí iná bá ràn mọ́ ọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé púpọ̀ lè jó kí omi tó dé. Lónìí, páànù ló wọ́pọ̀. Ọmọ tó lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu tàbí ní Èkó, bó bá rí owó díẹ̀, páànù ló máa ń rà láti fi bo ilé bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ta kajú rẹ̀ dáadáa, ìsọ̀ oní-páànù ló ń wò lójú.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ń wí pé: "Gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé. Bí mo bá ń ta páànù, ebi kò ní pa mí." Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo bí páànù ṣe ń dán lójú oòrùn, kò tíì wọ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ń jò. Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ náà tinú-tẹ̀yìn, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lè mọ ohun tó ń dáwọ́ lé.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọ iṣẹ́ náà?

Ọ̀nà kan ni pé kí ènìyàn máa tà fún olówó. Olówó ló ni dépó, òun ló ni ọjà, ìwọ ń bá a tà, ó ń san owó oṣù fún ọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, òfin ní owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí 52.000 fránkì. Ní Tógò, láti ọdún 2023 kan náà, 52.500 ni. Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń wí pé "iṣẹ́ lo ṣì ń kọ́" títí ọdún mẹ́ta fi pé. Ẹ tún béèrè ta ni yóò san owó páànù tó bá tẹ̀ tàbí tó bá sọnù. Bí wọn kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, owó oṣù yín ni wọn yóò ti yọ ọ́.

Àwọn mìíràn kò ní ọjà, wọn kò sì ní ọ̀gá. Ẹsẹ̀ wọn àti tẹlifóònù wọn ni ìsọ̀ wọn. Wọ́n ń lọ káàkiri ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, wọ́n ń bá onílé sọ̀rọ̀, wọ́n ń mú un lọ sí dépó, olówó a sì fún wọn ní nǹkan lórí páànù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ló ń gbà. Ẹni tó bá mọ èèyàn, tí kì í tijú, lè rí i jẹ láàárín oṣù Ọ̀pẹ̀ sí oṣù Ẹrẹ́nà. Bí òjò bá dé, oṣù kan lè kọjá kí ó má rí fránkì kan. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ kò lè gbé gbogbo ara lé e, àfi bó bá ní oko.

Ọ̀nà kẹta ni kí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ ra páànù, kí ó dá ìsọ̀ sílẹ̀. Èyí ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Òun náà ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí pé ibẹ̀ ni èrè tó tóbi wà, ibẹ̀ náà sì ni ènìyàn ti lè pàdánù ohun tó fi ọdún mẹ́wàá kó jọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń tà

Irin ni páànù tí a mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin nìkan. Ní ọdún 1829, òyìnbó kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ bí ìgbì omi. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa le, kò ní dá tẹ̀ lórí igi. Àmọ́ irin a máa dípẹtà. Ní ọdún 1837, ará Faransé kan, Stanislas Sorel, gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe ń ri irin bọ inú zíǹkì tí a yọ́. Zíǹkì yìí ló ń jìyà nítorí irin. Òjò àti afẹ́fẹ́ a kọ́kọ́ jẹ òun ná. Ìgbà tí zíǹkì bá tán ni irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nítorí náà, páànù méjì lè nípọn bákan náà, kí ọ̀kan pẹ́ ju èkejì lọ, torí zíǹkì ara rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ìnípọn páànù ni ọ̀rọ̀ tó le jù nínú òwò yìí. Lára páànù, tàbí lẹ́nu ẹni tó ń tà á, ẹ ó gbọ́ 15/100, 20/100, 25/100, 35/100. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹ mú mìlímítà kan, ẹ pín in sí ọ̀nà 100. Páànù 15/100, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 15 nínú 100 yìí. Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, bí ẹ bá to ojú ewé rẹ̀ méjì léra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó o. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ti fẹ́lẹ́ tó! Afẹ́fẹ́ òjò àkọ́rọ̀ tó máa ń jà ní oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe lè fa irú páànù bẹ́ẹ̀ ya níbi tí ìṣó wà, kí ó gbé e lọ sínú oko ẹlòmíràn.

Ojú kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín 20/100 àti 25/100. Ibẹ̀ ni àwọn onírẹ́jẹ ń fara pamọ́ sí. Wọ́n á kọ 25 sára páànù tí kò ju 20 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ rà á ní dépó, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ, bí ẹ bá sì tà á, ẹ̀yin náà ti rẹ́ ẹlòmíràn jẹ láìmọ̀. Kí ni kí á ṣe? Ìwọ̀n kì í purọ́. Ẹ mú okùn, ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀lé ìgbì páànù náà láti etí kan dé etí kejì, kí ẹ lè mọ bí irin rẹ̀ ti fẹ̀ tó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ 90 sàǹtímítà, tí páànù sì gùn ní mítà 2, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n:

15/100 yóò wọ̀n ju kílò 2 lọ díẹ̀.
20/100 yóò wọ̀n tó kílò 2 àti gíráàmù 800.
25/100 yóò wọ̀n tó kílò 3 àti ààbọ̀.
35/100 yóò súnmọ́ kílò 5.

Ó lè fi díẹ̀ lé, ó lè fi díẹ̀ dín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é ní 25/100 tó sì wọ̀n kílò 2 àti gíráàmù 800, ẹ má rà á ní owó 25. Ẹ má wọ̀n ẹyọ kan péré o. Ẹ fa mẹ́ta tàbí mẹ́rin yọ láti àárín òkìtì. Tòkè nìkan ni olóògbọ́n-ẹ̀wẹ́ máa ń fi ohun tó dára sí.

Páànù alumíníọ̀mù náà wà. Ó fúyẹ́ ju irin lọ dáadáa, kì í pọ́n bí irin, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí. Ẹni tó bá ń tà á gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé kí ó má ṣe kan ìṣó irin lásán mọ́ ọn. Bí òjò bá ń rọ̀ sí alumíníọ̀mù àti irin tó fara kan ara wọn, ọ̀kan yóò máa jẹ èkejì. Bákan náà ni fún àwọn tó ń kọ́lé nítòsí òkun, ní apá Kútọnu tàbí Lomé. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ a máa tètè jẹ zíǹkì tán. Páànù tó pẹ́ dáadáa ní Ṣábẹ lè má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ létí òkun, ẹni tó rà á yóò sì wí pé ọjà burúkú ni ẹ tà fún òun.

Ẹ tún kọ́ bí a ti ń ka páànù tó máa bo ilé. Òrùlé kan gùn ní mítà 9 àti 40 sàǹtímítà. Apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti orí ilé wá sí etí òrùlé, jẹ́ mítà 3 àti 80 sàǹtímítà. Páànù yín gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní 80 sàǹtímítà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á wí pé 12 ni yóò tò ní ìbú, méjì ní gígùn, ìyẹn 24 fún apá kan, 48 fún apá méjèèjì. Ó ti ṣì í. Páànù kan gbọ́dọ̀ gun èkejì ní ẹ̀gbẹ́, bíi sàǹtímítà 8, kí omi má bàa wọlé. Nítorí náà 72 sàǹtímítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bò. 13 ni a ó tò. Ní gígùn, méjì tó gun ara wọn ní 20 sàǹtímítà ń bo mítà 3 àti 80 gẹ́lẹ́. 13 lọ́nà 2 jẹ́ 26. Apá méjèèjì jẹ́ 52. Bí ẹ bá ti sọ fún onílé pé 48, káfíńtà yóò wà lórí igi, òjò yóò ṣú, onílé yóò máa wá zémíjàn tó máa sáré wá ra mẹ́rin sí i. Kò ní bú káfíńtà. Ẹ̀yin ni yóò bú.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò èrè

Àwọn iye tí a ó lò níbí yìí, fún ìṣirò ni. Ẹ fi iye tó wà lọ́jà yín rọ́pò wọn.

Ẹni kan ní 700.000 fránkì. Ó ra páànù 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3.500. Ó ń tà á ní 3.900. Ó ń jèrè 400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 400 lọ́nà 200 jẹ́ 80.000 fránkì. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Oṣù kan péré, 80.000!"

Ó yá, kí ó mú kàyé, kí ó kọ ohun tó ná sílẹ̀:

Owó ọkọ̀ láti dépó: 15.000
Owó alábàárù tó já a sílẹ̀: 4.000
Owó ìsọ̀: 10.000
Owó àwọn káfíńtà tó mú oníbàárà wá, 100 lórí páànù kọ̀ọ̀kan: 20.000
Páànù 3 tó tẹ̀, tó tà ní 2.900 dípò 3.900: 3.000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 52.000. Ohun tó kù jẹ́ 28.000 fránkì. Ẹ rántí owó oṣù tí òfin là kalẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́jà yìí, tó fi 700.000 ara rẹ̀ sínú ewu, kò jẹ tó òṣìṣẹ́ tó kàn ń bá olówó tà!

Bí ó bá ta 400 ní oṣù náà ńkọ́? Owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, ti alábàárù, ti káfíńtà àti ti páànù tó tẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìsọ̀ kò yí padà. Èrè 160.000, ìnáwó 94.000, ó ku 66.000. Báyìí, iṣẹ́ náà ti ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí 200 náà bá gba oṣù mẹ́ta kí ó tó tán, owó ìsọ̀ ti di 30.000, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta jẹ́ 8.000 péré. Ẹ kò rí i pé páànù kan náà ni, iye kan náà ni? Bí owó ti ń jáde tó sì ń padà wọlé kíákíá ló mú ìyàtọ̀ wá.

A kò tíì mú owó orí kúrò. Ẹni tó bá ní ìsọ̀, kí ó lọ sí ọ́fíìsì owó orí kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó máa san fún un, kí ó sì gba ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún iṣẹ́ ìjọba, fákítúù tó pé ni wọn yóò béèrè. Irú àwọn wọ̀nyí a máa rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n owó wọn a máa pẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré kò lè dúró dè é.

Àwìn

Bí ẹ bá bi àwọn tó ti pa iṣẹ́ náà tì léèrè ohun tó lé wọn kúrò níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò ní sọ pé ọjà kò tà. Ọjà tà. Owó ni kò padà wá.

Ẹ padà sí ìṣirò wa. Oníbàárà kan kó páànù 8 láwìn, kò sì san. 3.900 lọ́nà 8 jẹ́ 31.200. Èrè gbogbo oṣù náà jẹ́ 28.000. Ẹnì kan ṣoṣo, pẹ̀lú páànù 8 nínú 200, ti gbé gbogbo èrè lọ, ó sì tún jẹ nínú ojú owó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè lọ gun orí ilé rẹ̀ kí ẹ lọ ṣí páànù kúrò lórí àwọn ọmọ rẹ̀. Páànù tí wọ́n ti kàn mọ́gi, ó ti di ti onílé. Ihò ìṣó ti wà lára rẹ̀. Ta ni yóò tún rà á?

Síbẹ̀, àgbẹ̀ kì í rí owó lójoojúmọ́. Bí ẹ bá lé gbogbo ẹni tí kò ní owó pípé lọ, ìsọ̀ yín yóò dá. Ẹ gbọ́ bí obìnrin kan tó ń ta páànù ṣe dá àgbẹ̀ kan lóhùn:

— Ìyá Páànù, ẹ kú ọjà o.
— Ẹ kú àbọ̀, bàbá. Ará ilé ńkọ́?
— A dúpẹ́. Ẹ bá mi ka 30. Owó 15 ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ta kajú mi tán, n ó mú ìyókù wá.
— Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kó 15 tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ. 15 yòókù, n ó kọ orúkọ yín sí i, n ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún yín. Ọjọ́ tí ẹ bá mú owó wá, ẹ ó bá a níbẹ̀.
— Bí páànù bá wọ́n sí i kí n tó dé ńkọ́?
— Títí oṣù Igbe yóò fi parí, iye tòní ni n ó gbà lọ́wọ́ yín. Bó bá kọjá ìgbà náà, a ó jọ sọ ọ́.

Bàbá náà kùn díẹ̀, àmọ́ ó gbà. Àwọn kan á ní obìnrin náà le jù, torí pé ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Èmi rò pé ó ṣe dáadáa. Páànù 15 tó wà nílẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni ó ṣì jẹ́. Ó sì yọ bàbá náà nínú ìtìjú gbèsè. Ẹ wo bó ti dá ọjọ́ sí i. Ẹni tó bá wí pé "iye yìí ni n ó máa gbà" láìdá ọjọ́, ó ti ta ohun tí kò mọ iye tí yóò rà á.

Owó ẹlòmíràn lọ́wọ́ ẹni

Ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọ̀dọ́ ní í fi páànù pa owó mọ́. Dípò kí owó wà nílé kí ó tán lórí aṣọ àti ayẹyẹ, wọ́n á ra páànù kan lọ́sẹ̀ yìí, méjì lóṣù tó ń bọ̀, títí yóò fi tó bo ilé. Àwọn mìíràn, bí èsúsú bá kàn wọ́n, páànù ni gbogbo owó ọ̀hún ń lọ. Nítorí pé wọn kò ní ibi tí wọ́n lè kó o sí, wọ́n máa ń fi owó náà sọ́wọ́ oní-páànù pé kí ó máa bá wọn kó o jọ.

Èyí jẹ́ iyì ńlá fún ẹni tó ń tà. Wọn kì í gbé owó fún ẹni tí wọn kò fọkàn tán. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣubú. Owó ẹlòmíràn wà lọ́wọ́, ọmọ ń ṣàìsàn, tàbí ọjà olówó pọ́ọ́kú kan yọjú ní Kútọnu, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lo èyí ná." Kí wọ́n tó dá a padà, iye páànù ti yí.

Ó sì lè yí lóru ọjọ́ kan. Ẹni tó ti dàgbà kò gbàgbé oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, owó séfà tí à ń ná dín iye rẹ̀ kù sí ìlàjì. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, 50 fránkì séfà ni a fi ń gba fránkì Faransé kan. Láti ọjọ́ yẹn, ó di 100. Irin tí páànù ń ti inú rẹ̀ jáde, òkè òkun ló ti ń wá. Ẹni tó ní páànù nílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn di ọlọ́rọ̀ láìṣe nǹkan kan. Ẹni tó ti gba owó páànù 100 lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tí kò tíì rà á, rí i pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò lè ra 100 náà mọ́. Ta ni yóò sọ fún? Ìwé tó kọ fún wọn ní 100 ni, kì í ṣe àádọ́ta.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́nà mìíràn ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà dá iṣẹ́ dúró káàkiri ayé. Irin wọ́n, owó ọkọ̀ ojú omi náà wọ́n. Oní-páànù tó ti ṣèlérí iye àtijọ́ fún àwọn oníbàárà rí ìyà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi owó páànù kan lé yín lọ́wọ́, ẹ ra páànù kan ní ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú kàyé, ẹ má kọ "3.900 fránkì". Ẹ kọ "páànù 1, 25/100", ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́, kí oníbàárà fi ìka tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó fọwọ́ sí i, kí ìwé kan sì wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà.

Ẹ̀yin tó wà lẹ́bàá ààlà, ní Kétu, ní Sákétẹ́, ní Ìfànhìn, ọ̀rọ̀ tiyín tún ní ẹ̀ka mìíràn. Bí ẹ bá ń rà láti Nàìjíríà tàbí tí ẹ ń tà fún ará ibẹ̀, ẹ rántí pé Nàìjíríà ti ààlà pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó sì di oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ó lé ní ọdún kan. Ẹ tún rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, tí náírà já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó tà láwìn tí wọ́n sì san án ní náírà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, gbogbo owó rẹ̀ ni wọ́n san, kò ku kọ́bọ̀, síbẹ̀ kò lè ra ọjà kan náà mọ́.

Títọ́jú ọjà àti ara ẹni

Páànù kì í rà bíi tòmátì. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù nínú òwò yìí. Àmọ́ ẹ má rò pé òjò kò lè ba páànù jẹ́ nítorí pé òjò ló wà fún. Páànù tó wà lórí ilé, òjò pa á, oòrùn gbẹ ẹ́. Páànù tí a tò léra wọn nínú ìsọ̀, bí omi bá wọ àárín wọn, kò ní gbẹ. Zíǹkì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ohun funfun bí ẹfun yóò bò ó. Oníbàárà kò ní ra irú rẹ̀ ní iye tó tọ́, kò sì jẹ̀bi, torí pé díẹ̀ nínú ẹ̀mí páànù náà ti lọ. Ẹ gbé e lé orí igi, kí ó má fara kan ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí apá kan ga díẹ̀ ju apá kejì lọ, kí omi lè ṣàn jáde. Ẹ má kó sìmẹ́ǹtì lé e.

Etí páànù mú bí ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ń gbé e gbọ́dọ̀ fi aṣọ líle tàbí ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́. Bó bá ya ènìyàn, ẹ má fi ewé dì í kí ẹ sì gbàgbé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wò bóyá ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀kadà gbé páànù lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ bá a wá kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Ta ni iṣẹ́ náà yẹ?

Ó yẹ ẹni tó lè sọ pé "rárá" láìbínú. Ó yẹ ẹni tó mọ̀ pé láti oṣù Bélú títí dé oṣù Ẹrẹ́nà ni owó ń wọlé, tó sì ń fi nínú rẹ̀ pamọ́ de ìgbà òjò tí wọn kì í bo ilé púpọ̀. Kò yẹ ẹni tó yá owó tí wọn yóò máa béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó yẹ obìnrin bó ti yẹ ọkùnrin. Alábàárù ló ń gbé páànù, ọgbọ́n àti kàyé ni ọlọ́jà ń lò.

Ohun kan sì wà tí òwò mìíràn kò ní. Ẹni tó ta aṣọ burúkú, aṣọ náà á gbó, wọn á gbàgbé. Páànù ń bẹ lórí ilé fún gbogbo ayé láti wò. Bó bá pọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, gbogbo ẹni tó bá kọjá ni yóò béèrè pé, "Ọwọ́ ta ni bàbá yìí ti rà á?" Bí kò bá sì jò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọn yóò béèrè bákan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó bá ẹlòmíràn tà fún ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò kan ná, kí ojú rẹ̀ lè rí ìgbà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí ó má kó gbogbo owó rẹ̀ lé páànù nìkan. Ìṣó páànù, tí à ń wọ̀n ní kílò, àti páànù tí wọ́n fi ń bo góńgó orí ilé, èrè wọn máa ń dára, gbogbo ẹni tó ra páànù ló sì gbọ́dọ̀ rà wọ́n. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ báyìí: ìṣó kílò 20, páànù 30, ìwọ̀n kan, okùn kan, àti kàyé méjì, ọ̀kan fún ọjà tó jáde, èkejì fún páànù àwọn tó ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀.